Ohùn Mẹ́rin ní Àgbàlá Wa

Tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn pé Músíìkì wà lára iṣẹ́ tí mo fi ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni irú dùùrù tó wà nílé wa nígbà náà. Kò sí dùùrù kankan nílé wa. Yàrá méjì ni àwọn òbí mi háyà nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, irú ilé ayálégbé tí ilẹ̀kùn yàrá kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá lọ sí àgbàlá oníṣímẹ́ǹtì lẹ́yìn. Kànga wà níbi igun kan nínú àgbàlá náà, ilé ìdáná wà níbi igun kejì. Bí ó bá jẹ́ ti ohun tó ń dún ni, a ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ohùn Bàbá Ràṣídì, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láti mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, nítorí òun ni ládàánì wọn, òun ló ń pe ìrun. Lẹ́yìn náà ni garawa yóò máa lu ògiri kànga bí a ti ń fà á sókè, ìgbálẹ̀ yóò máa ha ṣímẹ́ǹtì, rédíò bàbá mi yóò máa ka ìròyìn, kí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi tó wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, tí kò ní dákẹ́ títí a ó fi ti ilé ìwé dé. Mo ń to gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀.

Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá. Dádì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Aláùsá, Mọ́mì sì ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí à ń lọ. Báàsì ni Dádì ń kọ, ìyẹn ohùn àwọn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Áàtò ni Mọ́mì ń kọ, ohùn àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ trẹ́bù, trẹ́bù gan-an ló sì ń gbé orin. Ọ̀rọ̀ orin kì í tán láàárín wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí èmi àti Mọ́mì bá dojú kọ odó iyán, Dádì yóò jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì tún orin tí wọ́n kọ láàárọ̀ gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọn yóò máa jiyàn lórí ẹni tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Mọ́mì a máa gbà nígbà mìíràn pé òun ni. Dádì ní tirẹ̀ gbà pé òun kì í bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Èkìtì ló ti ń kọ báàsì, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún un rí pé ó ṣì í.

Ilé ìwé girama wa kò ní ju olùkọ́ Músíìkì kan lọ, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán, tó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé mìíràn, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ la máa ń rí i. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló sábà máa ń wọ̀, kì í sì í gbé ohùn sókè bá ẹnikẹ́ni wí. Nígbà tí a fi máa dé kíláàsì tó kẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe Músíìkì ti fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku èmi nìkan. Igbákejì pírínsípà, obìnrin tó fẹ́ràn ètò, ní òun kò lè fi orúkọ ọmọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ fún iṣẹ́ tí kò dá òun lójú pé ó máa yege. Mi ò bá a jà lọ́kàn mi; èmi náà ti jókòó sí irú àga bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ohun tó sọ ni pé kí a tó gba ìsinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé mo lè ṣe iṣẹ́ náà láìku ibì kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni òun máa fi rọ́pò rẹ̀ fún mi. N kò kórìíra oúnjẹ sísè. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ lọ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ lórin, tí Músíìkì kò bá sì sí nínú ìwé mẹ́wàá mi, ọ̀nà yẹn ti dí nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Dádì ti sọ ọ́ kárí Aláùsá, ó ti sọ ọ́ kárí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń sọ pé ọmọ òun ń ṣe Músíìkì bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ dókítà.

Nínú iṣẹ́ náà, ìtàn orin kò ni mí lára, kíka orin lórí ìlà márùn-ún kò sì ni mí lára. Ibi tó le ni ohùn mẹ́rin. Wọ́n á fún ọ ní trẹ́bù orin kan tí o kò gbọ́ rí, wọ́n á ní kí o kọ ohùn mẹ́ta yòókù sí abẹ́ rẹ̀: áàtò, tẹ́nọ̀, ìyẹn ohùn ọkùnrin tó wà lókè báàsì, àti báàsì náà. Kì í ṣe pé kí ó ṣáà ti dùn. Ìlànà wà níbẹ̀, èyí tó ń pa ọmọ jù nínú rẹ̀ sì ni pé ohùn méjì kò gbọ́dọ̀ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, pàápàá tí àlàfo àárín wọn bá jẹ́ ìpele márùn-ún tàbí mẹ́jọ. Tí ọ̀kan bá ń gòkè, kí èkejì dúró, tàbí kí ó máa sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán wá fi ìlànà tirẹ̀ kún un: ohun tí etí mi kò bá tíì gbọ́, n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Dùùrù kan ṣoṣo tí a mọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, àgádágodo ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Dádì nígbà tó ń jẹ ẹ̀bà. Ó jẹun tán kó tó dáhùn, nítorí kì í fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé ẹnu mélòó ni mo nílò. Mo ní mẹ́rin ni, sà. Ó ní mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ti èmi, ti Mọ́mì àti ti òun, pé tẹ́nọ̀ nìkan la máa wá lọ.

Kò wá a jìnnà. Ọmọ Àkókó ni Bàbá Ràṣídì, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè ti àgbàlá wa dé títì. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin náà. Dádì na bébà sí i. Mo ti tú ohùn kọ̀ọ̀kan sí dò, re, mí, nítorí pé ohun tí gbogbo wọn lè kà nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà búráùn tí Mọ́mì fi ń gé pátánì aṣọ. Bàbá Ràṣídì, tó ti kọ́ dò, re, mí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kà á lọ kà á bọ̀, kò rí ìyìn ìsìn kankan níbẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ilé ìwé lásán nìyí, Bàbá Mojí. Èmi náà ṣáà tíṣà ni mí." Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ní kí wọ́n bá òun ṣọ́ ọ dáadáa, pé ẹni tí kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ òun dé ìparí, òun fẹ́ wo bó ṣe máa dúró lórí ohùn kan. Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé tó bá lè máa fi dò, re, mí bá òun sọ̀rọ̀, òun á máa dúró.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrun Mọ̀ríbì tó tó, a ó ti pé sí àgbàlá, àwa mẹ́rin, òórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín yóò máa ti ilé ìdáná wá, Ìyá Onílé yóò sì ti gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Àwórì ni màmá náà, òun ló ni ilé, kò sì sí ohun tí ayálégbé ń ṣe tí kì í dá sí. A ó kọ́kọ́ kọ ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, yóò tọ̀nà. Ìgbà tí a bá pa á pọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí Mọ́mì bá ti gbọ́ trẹ́bù mi báyìí, áàtò rẹ̀ yóò dìde tẹ̀lé mi, bí mo bá gòkè, ó gòkè, bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Dádì kì í dúró pé lórí ohùn tó bá gùn, yóò ti sáré lọ sí èyí tó kàn. Bàbá Ràṣídì a máa kọ tẹ́nọ̀ rẹ̀ geere, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìparí, yóò fa ohùn náà, yóò yí i, yóò gbọ̀n ọ́n, bí ìgbà tó ń pe ìrun gan-an. Inú Ìyá Onílé a sì máa dùn. Ó ní orin tí gbogbo ẹnu ti jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀, òun ni orin.

Mo fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀ níbí, nítorí àwọn kan máa ń rò pé àìmọ̀kan ni. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Nínú orin ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ló ń gbé ohùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, ohùn gbọ́dọ̀ gòkè, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ẹni tó bá ń gbe orin náà lábẹ́ gbọ́dọ̀ gòkè pẹ̀lú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà lè tọ̀nà. Ohun tí ìyá mi ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn, bí a sì tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kúrò, tí a fi dò, re, mí rọ́pò rẹ̀, etí rẹ̀ kò gbàgbé. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ ẹni tó kúrò nípò, mo mọ ibi tó ti kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ọmọ ilé ìwé, láàárín àgbàlá, kí n kọjú sí ìyá tó bí mi lọ́mọ, kí n ní ẹ ti ṣì í. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́nu mi. Nítorí náà, tí a bá ti túká, mo máa ń wọlé, màá mú kílínà, màá pa ohun tí mo kọ rẹ́, màá fi ohun tí wọ́n fi ẹnu wọn kọ rọ́pò rẹ̀. Bí áàtò Mọ́mì bá tẹ̀lé mi lọ sókè, mo gbé áàtò inú ìwé lọ sókè. Bí Dádì bá ti kúrò lórí sò, mo mú báàsì kúrò lórí sò. Lójú mi, kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọ̀nà tí àgbà bá gbà ni ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán dá ìwé mi padà, ó kún fún yíńkì pupa. Gbogbo ibi tí ohùn méjì ti ń rìn bí ìbejì ló fa ìlà sí, ojú ìwé náà wá dà bí aṣọ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìránṣọ rán. Ohun tí kò yé e ni pé èyí tí mo ń ṣe níwájú rẹ̀ lójú pátákó máa ń tọ̀nà, tí èyí tí mo bá sì ti ilé gbé wá máa ń wọ́. Ó bi mí pé ta ló ń ràn mí lọ́wọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ròyìn fún un: Dádì ní báàsì, Mọ́mì ní áàtò, Bàbá Ràṣídì ní tẹ́nọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Mojísọ́lá, ṣé ẹnu wọn ló ń tẹ̀lé bébà ni, àbí bébà ló ń tẹ̀lé ẹnu wọn?" Ó rí ìdáhùn lójú mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní orin tí àwọn òbí mi ń kọ kò ní àléébù, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé àwọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ìdánwò ní kí n gbà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà méjì kò pàdánù èyí tó kọ́kọ́ mọ̀. Ó wá ní bí ìwé náà ti rí yìí, òun kò lè fọwọ́ sí i fún igbákejì pírínsípà, ìsinmi sì ti ń sún mọ́lé. Ó ní kí n má fọwọ́ kan bébà mọ́, àwọn tó ń kọ ọ́ ni kí n tún ṣe. Mo ní, "Sà, àwọn òbí mi ni." Ó ní òun mọ̀.

Ẹ̀wà àti gààrí la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rántí nítorí pé kò lọ lẹ́nu mi. Dádì ti rí yíńkì pupa. Inú ń bí i, kì í ṣe sí mi o, sí Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán ni. Ó ní kí ló burú nínú ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ, pé òun máa gba àyè níbi iṣẹ́, òun máa lọ bá olùkọ́ náà jókòó. Mo mọ̀ pé tó bá lọ, ojú ló máa tì í níbẹ̀, níwájú àlejò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lanu sọ ọ́. Mo sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìwé náà kọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo sọ ohun tí mo ti ń fi kílínà ṣe. Mọ́mì dẹ́kun jíjẹun. Dádì mu omi, ó fọ ọwọ́, ó ní kí n lọ mú bébà àkọ́kọ́ wá, kí n sì lọ kí Bàbá Ràṣídì pé òun ń bẹ̀ ẹ́ kó yọjú sí wa. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí gbogbo wa ti wà ní àgbàlá, àwọn kan ṣì ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, Ìyá Onílé náà kò tíì wọlé.

Dádì ní kí a kọ ọ́ bó ṣe wà ní bébà, tí ẹnikẹ́ni bá ṣì í, kí n dá a dúró kí n pè é lórúkọ. A kọ ọ́. Wọ́n ṣì í, n kò sọ nǹkan kan. Ó bi mí pé ṣé ó tọ̀nà. Mo ní kò tọ̀nà, sà. Ó ní ta ni. Gbogbo ojú ti lọ sọ́dọ̀ Mọ́mì, Mọ́mì pàápàá ti ń múra láti rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sórí ṣímẹ́ǹtì náà, mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ìyá Onílé pòṣé, ó ní ọmọ ayé òde òní nìyí, pé wọ́n rán an nílé ìwé, ó ti padà wá máa fi orin kọ́ bàbá rẹ̀. Dádì ò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé níbo. Mo ní níbi sò tó gùn, pé ẹ kúrò níbẹ̀ kó tó pé, ẹ wá bá tẹ́nọ̀ pàdé níbi tí kò yẹ. Ó gbé bébà sún mọ́ ojú, ó ń fi ìka ka ìdúró náà, ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Títí di òní, mo lè rí i bó ṣe dúró síbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọkùnrin tí kò sí ẹni tó tíì sọ fún un rí pé ó ṣì í. Ó sọ bébà kalẹ̀. "Dìde nílẹ̀," ó ní. "Tí o bá kúnlẹ̀, báwo la ṣe máa rí ọwọ́ tí o máa fi darí wa?"

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. N kò fìgbà kan rí ní ẹ ti ṣì í. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bébà ní kí ẹ ṣì dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bàbá Ràṣídì ló yára jù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìparí náà wà bó ṣe rí, ó ní kò burú, òun á kó gbogbo yíyí náà pa mọ́ di àárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní àṣé ó ṣeé ṣe kó dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí. Mọ́mì ló ṣòro fún. Áàtò tí mo kọ fún un kì í sábà kúrò lójú kan, ó sì ń bi mí bóyá òun jẹ́ òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọgbọ́n tó ta sí i. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde sí àgbàlá, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á bí ẹni tó ń rán ìṣẹ́tí gígùn, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ déédéé báyìí, ohùn rẹ̀ dúró. Trẹ́bù mi gòkè, kò tẹ̀lé mi. Dádì sọ̀kalẹ̀, kò tẹ̀ lé e. Ìyá Onílé ní ó ti wá dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin ń lọ sọ́jà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò gbé àpótí rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nígbà tó sì yá, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé tí èèyàn bá tẹ́tí sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn dé òpin, ó ń dùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn níbi tí wọn kò sí. Mo lè wà ní kíláàsì, kí n gbé bírò lé ìlà márùn-ún, Mọ́mì ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lórí ìlà náà, Dádì ti dúró lórí sò, ó ń retí pé kó pé. Tí mo bá fẹ́ kọ ohun tí kò yẹ, màá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa fara gbún ara wọn. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn òbí kan sì máa ń wá sọ fún mi pé ọmọ tó bá ń tún àgbà ṣe, ó fẹ́ bàjẹ́ ni. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé ṣé àgbà náà ló ní kó tún òun ṣe. Tó bá jẹ́ pé òun ló ní bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ ló ń jẹ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a gba ìsinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ojú òun ni òun fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí òun lè fi ẹ̀rí ọkàn fọwọ́ sí i. Ẹ ti mọ̀ pé ó fọwọ́ sí i, nítorí mo ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo ṣe ìdánwò náà. Mo yege níbẹ̀, mo sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì mọ̀. Mọ́mì se ìrẹsì, àlejò wa ní òun kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ kí iṣẹ́ tó parí. Ó fún mi ní trẹ́bù orin kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kọ ohùn mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, mo tú wọn sí dò, re, mí, mo pín bébà fún àwọn tó ni wọ́n. Dádì ti wọ ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ibi iṣẹ́. Bàbá Ràṣídì ti dé fìlà, Mọ́mì ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo fún olúkúlùkù ní ohùn tó máa bẹ̀rẹ̀ sí, mo gbé ọwọ́ sókè, a bẹ̀rẹ̀.

Ó ń lọ dáadáa, títí a fi dé àárín. Níbẹ̀ ni mo gbọ́ tí áàtò dìde lẹ́yìn mi. Mọ́mì ti gbàgbé ara rẹ̀, ó ti ń tẹ̀lé orin. Ọwọ́ mi wà lókè, ó yẹ kí n dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi jókòó síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, àwọn ará ilé dúró yí wa ká, n kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìyá mi ló ṣì í. Kí n tó mọ èyí tí màá ṣe, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Èmi ni mo kúrò níbẹ̀. Tíṣà wa ò ní jẹ́ ká gbé e lọ báyìí." Ó wá kọjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tó ń bá olórí akọrin sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ fún mi lóhùn mi, mà." Ìyá mi ló pè mí ní ẹ. Mo fún un. Ó gbà á lẹ́nu mi, ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ, a sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dì í mú. Dádì dúró lórí sò tó gùn jù títí ó fi pé, Bàbá Ràṣídì sì parí tirẹ̀ gbọnrangandan, kò yí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, Dádì yí sí àlejò wa, ó bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó tọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán fi bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá yí ojú sọ́dọ̀ mi, bàbá mi, ìyá mi, Bàbá Ràṣídì, wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ.

Mo ní ó tọ̀nà.